Oògùn àwọn àgbàlagbà àti ọ̀rọ̀ ìlera tí kò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ lórí ayélujára

Irú fọ́nrán kan wà tó wọ́pọ̀ lórí WhatsApp àti Facebook. Ẹnì kan tó wọ aṣọ funfun bíi ti dókítà yóò jókòó síwájú kámẹ́rà, yóò sì máa sọ fún àwọn àgbàlagbà pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tí wọ́n ń lò gan-an ló ń ba kíndìnrín wọn jẹ́, pé àwọn dókítà mọ̀ bẹ́ẹ̀ ṣùgbọ́n wọn kò jẹ́ sọ, àti pé àpòpọ̀ kan wà tí èèyàn lè mu fún ìwọ̀nba ọjọ́ díẹ̀ tí àìsàn náà yóò fi lọ pátápátá. Àgbàlagbà tó bá gba irú ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ lè má bá ẹnikẹ́ni jiyàn lórí rẹ̀. Ńṣe ni yóò rọra gbé páálí oògùn rẹ̀ tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Ó sì lè pẹ́ kí ará ilé tó fura, nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru kì í sábà fi ara rẹ̀ hàn. Ẹni tí tirẹ̀ ti ga kọjá ààlà lè máa jẹun, kó máa rìn, kó máa sọ pé ara òun yá ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, títí di ọjọ́ tí rọpárọsẹ̀ yóò dé.

A sábà máa ń sọ̀rọ̀ ewu oògùn fún àwọn àgbàlagbà lọ́tọ̀, a ó sì sọ̀rọ̀ irọ́ orí ayélujára lọ́tọ̀, bí ẹni pé ọ̀rọ̀ méjì ni. Lójú tèmi, ọ̀kan ṣoṣo ni. Òótọ́ ni pé oògùn lè ṣe àgbàlagbà léṣe ju bó ṣe lè ṣe ọ̀dọ́ lọ, òótọ́ sì ni pé àwọn àgbàlagbà kan ń lo oògùn tó pọ̀ ju èyí tó yẹ wọ́n lọ. Orí òótọ́ yìí ni àwọn tó ń tan irọ́ kálẹ̀ ń gùn lé. Ẹni tó bá fẹ́ dáàbò bo àgbàlagbà kò lè kàn sọ pé kí wọ́n má gba ohun tí wọ́n rí lórí fóònù gbọ́. Ó ní láti kọ́kọ́ gbà pé ìfura wọn nídìí, kó tó lè ṣàlàyé ibi tí òótọ́ ti parí tí irọ́ sì ti bẹ̀rẹ̀.

Àjọ Ìlera Àgbáyé, WHO, kò fojú kékeré wo ewu oògùn yìí. Ní oṣù kẹta ọdún 2017, níbi ìpàdé àwọn mínísítà ìlera tó wáyé ní Bonn ní orílẹ̀-èdè Jámánì, àjọ náà bẹ̀rẹ̀ ètò kan tí àkọlé rẹ̀ túmọ̀ sí Oògùn Láìsí Ìpalára, pẹ̀lú èròǹgbà láti dín ìpalára ńlá tó ń ti ara oògùn wá, tó sì ṣeé yẹra fún, kù sí ìdajì láàárín ọdún márùn-ún. Wọ́n fojú bù ú nígbà náà pé owó tí àṣìṣe oògùn ń kó lọ káàkiri ayé tó bílíọ̀nù 42 dọ́là lọ́dọọdún. Ohun mẹ́ta ni ètò náà tẹ̀ mọ́ jù lọ: àwọn ipò tí ewu ti pọ̀, lílo oògùn púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, àti àkókò tí aláìsàn ń kúrò lọ́wọ́ olùtọ́jú kan bọ́ sọ́wọ́ òmíràn. Ohun mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló sábà máa ń pàdé lára àgbàlagbà kan náà.

Ọjọ́ orí fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ fa èyí. Kíndìnrín àti ẹ̀dọ̀ ló ń kó ọ̀pọ̀ oògùn kúrò nínú ara, agbára àwọn méjèèjì sì máa ń rọlẹ̀ bí ọdún ti ń gorí ọdún. Omi inú ara ń dín kù, iṣan ń jọ̀, ọ̀rá sì ń gba àyè tó pọ̀ sí i. Oògùn amúnisùn bíi diazepam, tí ọ̀rá máa ń fà mọ́ra, lè wà nínú ara ẹni ọdún 80 fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn tí ẹni ọdún 25 tó lo irú rẹ̀ ti bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bó bá wá ń lò ó lálaalẹ́, ti àná kò tíì lọ tán tí ti òní fi ń bá a. Ìdí nìyí tí òòyì fi máa ń kọ́ àwọn kan láàárọ̀, tí wọ́n fi ń ṣubú bí wọ́n ṣe ń dìde lọ sí ilé ìwẹ̀, tí egungun ìbàdí sì ń dá. Ohun kan tún wà tí kì í hàn sí ará ilé. Creatinine, èròjà inú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fi ń mọ bí kíndìnrín ṣe ń ṣiṣẹ́ sí, inú iṣan ló ti ń wá, nítorí náà àgbàlagbà tí iṣan rẹ̀ ti jọ̀ lè ní èsì àyẹ̀wò tó dà bíi pé kò sí ìṣòro nígbà tí kíndìnrín rẹ̀ ti rẹ̀ gan-an. Ó yẹ kí dókítà fi ọjọ́ orí àti bí ara ṣe rí ṣírò èsì náà kó tó pinnu ìwọ̀n oògùn, kò sì burú rárá kí aláìsàn tàbí ọmọ rẹ̀ béèrè bóyá wọ́n ti ṣe bẹ́ẹ̀.

Ní ọdún 1991, dókítà ará Amẹ́ríkà kan tó ń jẹ́ Mark Beers àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àkójọ àwọn oògùn tó dára kí a máa yẹra fún bí a bá ń tọ́jú àwọn arúgbó tó wà ní ilé ìtọ́jú. Ẹgbẹ́ American Geriatrics Society, ìyẹn ẹgbẹ́ àwọn oníṣègùn àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà, ló ń ṣàtúnṣe àkójọ náà báyìí fún gbogbo ẹni tó bá ti tó ọdún 65, wọ́n sì tún un ṣe ní ọdún 2023. Lára ohun tó wà nínú rẹ̀ ni glibenclamide, oògùn àtọ̀gbẹ tó lè mú kí ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ lọ sílẹ̀ jù fún ọ̀pọ̀ wákàtí; chlorpheniramine àti diphenhydramine, tí àwọn èèyàn ń rà láìgba ìwé dókítà nítorí ọ̀fìnkìn, ara yíyún tàbí àìrí oorun sùn, ṣùgbọ́n tó lè da àgbàlagbà lọ́kàn rú, kí ó mú kí ìtọ̀ ṣòro fún un, kí ó sì fa àìrígbẹ́yà; àti àwọn oògùn ara ríro bíi ibuprofen àti diclofenac bí a bá ń lò wọ́n fún ìgbà pípẹ́. Àwọn oníṣègùn ní Ireland náà gbé irú àkójọ bẹ́ẹ̀ jáde ní ọdún 2008, wọ́n pè é ní STOPP àti START. STOPP ń tọ́ka sí oògùn tó yẹ ká tún rò, START sì ń tọ́ka sí oògùn tó yẹ kí àgbàlagbà máa lò ṣùgbọ́n tí ẹnikẹ́ni kò kọ fún un. Apá kejì yìí ṣe pàtàkì lójú mi, nítorí àgbàlagbà tí wọn kò fún ní oògùn tó nílò ti fara gbọgbẹ́ bíi ti ẹni tí wọ́n fún ní èyí tí kò nílò.

Àwọn àkójọ yìí kò pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni da oògùn rẹ̀ nù. Wọ́n wà kí dókítà àti apòògùn lè bi ara wọn léèrè bóyá ọ̀nà mìíràn wà fún aláìsàn tó wà níwájú wọn. Bí ẹnì kan bá yọ orúkọ oògùn mẹ́wàá nínú wọn, tó gbé e sórí ayélujára, tó sì kọ ọ́ sí i pé oògùn mẹ́wàá tó ń pa àwọn arúgbó nìyí, ó ti sọ ohun tó yẹ kó jẹ́ ìbéèrè di ìdájọ́.

Ẹ jẹ́ ká wo bí oògùn ṣe ń pọ̀ lọ́wọ́ àgbàlagbà láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni gbèrò ibi. Ká sọ pé wọ́n kọ amlodipine fún ìyá ẹni ọdún 76 kan nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru. Oògùn tó dára ni, ẹ̀jẹ̀ náà sì wálẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì bẹ̀rẹ̀ sí í wú, nítorí pé amlodipine máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn kan. Ó lọ rí dókítà mìíràn. Ẹni yẹn wo ẹsẹ̀ wíwú, ó sì kọ furosemide, oògùn tó ń mú ni tọ̀, fún un. Màmá bẹ̀rẹ̀ sí í dìde lóru nítorí ìtọ̀, oorun ń já lójú wọn, èròjà potassium inú ẹ̀jẹ̀ wọn ń dín kù, ẹsẹ̀ sì ń fà wọ́n. Nítorí àìsùn, ẹnì kan fún wọn ní oògùn oorun. Nítorí ẹsẹ̀, wọ́n ra ibuprofen fúnra wọn. Ibuprofen máa ń mú kí omi dúró sára, ó máa ń mú kí ẹ̀jẹ̀ gòkè, ó sì ń ni kíndìnrín lára. Nígbà tí wọ́n padà lọ sí ilé ìwòsàn, dókítà rí i pé ẹ̀jẹ̀ ti tún ga, ó fi lisinopril, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, kún un. Oògùn kan ti di márùn-ún. Mẹ́ta nínú wọn, ìyẹn lisinopril, furosemide àti ibuprofen, jẹ́ àpapọ̀ tí àwọn oníṣègùn mọ̀ dáadáa pé ó lè mú kí kíndìnrín dáṣẹ́ sílẹ̀, pàápàá bí ìgbẹ́ gbuuru tàbí èébì bá ti fa omi ara gbẹ. Ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ pé bí wọ́n bá ti dín ìwọ̀n amlodipine kù ní ìbẹ̀rẹ̀, tàbí tí wọ́n fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìbá ti parí síbẹ̀. Paula Rochon àti Jerry Gurwitz ló ṣàpèjúwe irú ìṣẹ̀lẹ̀ yìí fún àwọn oníṣègùn ní àwọn ọdún 1990: oògùn kan fa ìnira, wọ́n pe ìnira náà ní àìsàn tuntun, wọ́n sì fi oògùn mìíràn tọ́jú rẹ̀.

Ibi tí màmá dé yìí ni fọ́nrán tí mo sọ lẹ́ẹ̀kan yóò ti bá wọn. Àyẹ̀wò ti fi hàn pé kíndìnrín wọn kò ṣe dáadáa mọ́, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru sì ni wọ́n ń lò, nítorí náà ọ̀rọ̀ ẹni tó wọ aṣọ funfun yóò wọ̀ wọ́n létí. Ohun tí ẹni náà kò sọ ni pé àtọ̀gbẹ àti ẹ̀jẹ̀ ríru fúnra rẹ̀ ni ohun méjì tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù lọ láyé. Òpó ẹ̀jẹ̀ inú kíndìnrín tín-ín-rín. Bí agbára ẹ̀jẹ̀ bá ga jù, yóò máa lù wọ́n lójoojúmọ́ títí tí wọn yóò fi le, tí wọn yóò sì dí. Oògùn tó ń mú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀ ló ń gba kíndìnrín lọ́wọ́ èyí. Kódà lisinopril àti losartan wà lára àwọn oògùn tí dókítà ń dìídì lò láti dáàbò bo kíndìnrín àwọn tó ní àtọ̀gbẹ. Òótọ́ tí irọ́ yìí fi ara pamọ́ sí lẹ́yìn kò pọ̀: ní ìbẹ̀rẹ̀ lílo àwọn oògùn bẹ́ẹ̀, creatinine lè gòkè díẹ̀, potassium sì lè pọ̀ jù, ìdí sì nìyí tó fi yẹ kí wọ́n tún ẹ̀jẹ̀ yẹ̀ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ kan sí méjì. Ẹni tó ń ṣe fọ́nrán yóò mú gbólóhùn kan nínú ìwé tó wà nínú páálí oògùn, yóò kà á sókè, yóò sì fi ìyókù sílẹ̀. Kò ní béèrè nípa ibuprofen tí wọ́n rà fúnra wọn.

Ìwádìí kan tí Daniel Budnitz àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé jáde ní Amẹ́ríkà ní ọdún 2011 lè jẹ́ kí ibi tí ewu wà túbọ̀ hàn. Wọ́n wo àwọn tó ti tó ọdún 65 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ tí oògùn sọ di èrò ilé ìwòsàn ní pàjáwìrì láàárín ọdún 2007 sí 2009, wọ́n sì fojú bù ú pé irú rẹ̀ ń sún mọ́ 100,000 lọ́dọọdún. Oríṣi oògùn mẹ́rin péré ló wà nídìí nǹkan bí ìdá 67 nínú 100: warfarin tó ń dènà ẹ̀jẹ̀ dídì, insulin, àwọn oògùn bíi aspirin àti clopidogrel tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì, àti oògùn àtọ̀gbẹ tí a ń gbé mì. Kò sí èyí tó jẹ́ ayédèrú tàbí oògùn burúkú nínú wọn. Oògùn tó ń gba ẹ̀mí là ni wọ́n. Ewu wọn wà nínú ìwọ̀n tó pọ̀ jù tàbí tó kéré jù, nínú àyẹ̀wò tí wọn kò ṣe, nínú oúnjẹ tí aláìsàn kò jẹ lẹ́yìn tó ti gún insulin, àti nínú ohun mìíràn tó fi kún un láìsọ fún ẹnikẹ́ni.

Ọ̀rọ̀ statin, àwọn oògùn ọ̀rá inú ẹ̀jẹ̀ bíi atorvastatin àti simvastatin, fi hàn pé kì í ṣe irọ́ paraku nìkan ló lè ṣèpalára. Ní Denmark, Sune Nielsen àti Børge Nordestgaard yẹ àkọsílẹ̀ àwọn èèyàn tó lé ní 670,000 wò, tí wọ́n lo statin láàárín ọdún 1995 sí 2010. Èsì tí wọ́n gbé jáde ní ọdún 2016 fi hàn pé ìròyìn tó ń bu ẹnu àtẹ́ lu statin àti bí àwọn èèyàn ṣe ń pa oògùn náà tì kíákíá jọ ń rìn pọ̀, àti pé àìsàn ọkàn òjijì àti ikú láti ọwọ́ àìsàn ọkàn wọ́pọ̀ láàárín àwọn tó pa á tì ju àwọn tó ń lò ó nìṣó lọ. Irú ìwádìí bẹ́ẹ̀ kò lè fìdí rẹ̀ múlẹ̀ pé ìròyìn ló pa ẹnikẹ́ni, ṣùgbọ́n ó tó ohun tó yẹ kí akọ̀ròyìn rò kó tó kọ àkọlé tó ń dẹ́rù bani. Ní ọdún 2020, ìwádìí mìíràn tí wọ́n ń pè ní SAMSON jáde ní Ìlú Ọba. Wọ́n mú 60 èèyàn tí wọ́n ti pa statin tì nítorí ìnira, wọ́n fún wọn ní statin ní oṣù kan, oògùn tí kò ní ohunkóhun nínú ní oṣù mìíràn, wọn kò sì fún wọn ní nǹkan kan ní àwọn oṣù kan. Ìdá 90 nínú 100 ìnira tí wọ́n ní nígbà tí wọ́n ń lo statin ni wọ́n ní pẹ̀lú oògùn tí kò ní ohunkóhun nínú. Ìrora náà kì í ṣe irọ́. Ara ń ro wọ́n lóòótọ́. Ohun tí ìwádìí náà fi hàn ni pé ìfòyà oògùn lè fa ìrora, nítorí náà ẹni tó ń dáyà jáni lórí ayélujára lè dá àìsàn sí ẹni tó ń gbọ́ ọ lára. Lóòótọ́, statin lè ba iṣan jẹ́ fún ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ sì wà tí dókítà fi lè mọ̀.

Aspirin ni apá kejì ọ̀rọ̀ yìí, nítorí ayélujára tún máa ń sọ fún àwọn àgbàlagbà pé kí wọ́n máa lo ohun tí kò yẹ wọ́n. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n ti ń sọ pé kí gbogbo àgbà máa gbé aspirin kékeré mì lójoojúmọ́ kí ọkàn wọn lè dára. Ìwádìí ASPREE, tí wọ́n ṣe ní Australia àti Amẹ́ríkà pẹ̀lú àwọn àgbàlagbà 19,114 tí ara wọn le, gbé èsì jáde ní ọdún 2018 pé aspirin 100 miligíráàmù lójúmọ́ kò fi kún ọdún tí wọ́n lò láìsí àìlera, ṣùgbọ́n ó fi kún ẹ̀jẹ̀ dídà tó le. Ní ọdún 2022, ìgbìmọ̀ USPSTF ní Amẹ́ríkà, tó ń gba àwọn oníṣègùn níyànjú lórí ìdènà àìsàn, sọ pé kí ẹni tó ti tó ọdún 60 tí kò ní àìsàn ọkàn má bẹ̀rẹ̀ aspirin láti fi dènà rẹ̀. Ẹni tó ti ní àìsàn ọkàn òjijì tàbí irú rọpárọsẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ dídì ń fà, tàbí tí wọ́n ti fi irin (stent) sí òpó ẹ̀jẹ̀ ọkàn rẹ̀, kò sí lára àwọn tí wọ́n ń bá wí. Aspirin lè jẹ́ ohun tó mú un dúró. Ìyàtọ̀ yìí kò gùn, síbẹ̀ òun gan-an ló máa ń já bọ́ nígbà tí wọ́n bá gé ìròyìn náà sí gbólóhùn méjì kí wọ́n tó pín in káàkiri.

Ní ti egbòogi àti oògùn afúnnilókun tí wọ́n ń tà lórí ayélujára, ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń polówó rẹ̀ jù ni pé ewé àti egbò ni, pé kò ní kẹ́míkà nínú. Ohun tó bá lágbára láti wo àìsàn ní agbára láti bá oògùn mìíràn jà. Ewé St John's wort, tí àwọn èèyàn ń lò fún ìbànújẹ́ ọkàn, máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ yára fọ́ àwọn oògùn kan, tí warfarin yóò fi di aláìlágbára nínú ẹ̀jẹ̀ ẹni tó gbẹ́kẹ̀ lé e. Ewu mìíràn burú ju ìyẹn lọ, òun ni oògùn tí wọ́n fi pamọ́ sínú ohun tí wọ́n pè ní egbòogi. Ní ọdún 2022, àjọ FDA, tó ń ṣàkóso oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kéde pé kí àwọn èèyàn ṣọ́ra fún Artri King, tí wọ́n ń tà fún oríkèé ríro, nítorí àyẹ̀wò rí diclofenac àti dexamethasone, ìyẹn oògùn steroid kan, nínú rẹ̀ tí wọn kò kọ sára ìgò. Kò lè yani lẹ́nu pé orúnkún àwọn tó lò ó fúyẹ́. Ṣùgbọ́n diclofenac lè da ẹ̀jẹ̀ sínú ikùn ẹni tó ti ń lo warfarin, dexamethasone ń gbé ṣúgà ẹni tó ní àtọ̀gbẹ gòkè, bí ẹni tó ti ń lò ó fún ìgbà pípẹ́ bá sì dá a dúró lójijì, ara lè kọ̀ láti ṣe èròjà (hómóònù) tirẹ̀ tó jọ ọ́, èyí sì lè gba ẹ̀mí rẹ̀. Aláìsàn tí kò mọ̀ pé òun ń lò ó kò lè sọ fún dókítà.

Kì í ṣe àìgbọ́n ló ń kó àwọn àgbàlagbà sínú èyí, mo sì fẹ́ kí àwọn ọmọ tó ń bínú sí òbí wọn lórí ọ̀rọ̀ yìí gbọ́ mi. Dókítà lè máà ní ju ìṣẹ́jú mélòó kan lọ fún aláìsàn, ẹni orí fọ́nrán sì ní wákàtí kan láti sọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó ń pe àgbà ní bàbá àti màmá, ó ń dárúkọ ìnira tí wọ́n ní gan-an. Ojú àti ohùn pàápàá kò tó gbẹ́kẹ̀ lé mọ́. Ní ọdún 2024, ìwé ìròyìn ìṣègùn BMJ jábọ̀ pé wọ́n ń fi ọgbọ́n àtọwọ́dá ṣe ayédèrú fọ́nrán àwọn dókítà tí àwọn èèyàn mọ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n ní Ìlú Ọba, títí kan Hilary Jones, láti fi ta oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ tí wọn kò mọ ohunkóhun nípa rẹ̀. Ìrántí náà tún ní ipa tirẹ̀. Ian Skurnik àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ gbé ìwádìí kan jáde ní ọdún 2005 níbi tí wọ́n ti sọ fún àwọn àgbàlagbà léraléra pé ọ̀rọ̀ ìlera kan kì í ṣe òótọ́. Lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta, àwọn tí wọ́n tún un sọ fún jù ló tún wá ń rántí rẹ̀ bí òótọ́. Ọ̀rọ̀ náà ti mọ́ wọn létí, ìkìlọ̀ tó bá a wá ti fò lọ. Nítorí náà, bí a bá ń bá àgbàlagbà sọ̀rọ̀, ó sàn kí a máa sọ òótọ́ fúnra rẹ̀, pé oògùn yìí ló ń dáàbò bo kíndìnrín yín, ju kí a máa tún irọ́ náà sọ kí a sì máa tako ó.

Kì í ṣe gbogbo ọ̀rọ̀ tó ń dẹ́rù bani ni irọ́. Ní oṣù keje ọdún 2018, àwọn ilé iṣẹ́ kan kó oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru valsartan kúrò lọ́jà ní orílẹ̀-èdè púpọ̀ nítorí pé èròjà NDMA, tó ṣeé ṣe kó fa jẹjẹrẹ, wà nínú àwọn kan. Àwọn aláṣẹ sọ pé kí aláìsàn máa lo tirẹ̀ nìṣó títí yóò fi rí òmíràn gbà, nítorí ewu dídá a dúró sún mọ́ ju ewu jẹjẹrẹ lọ. Ṣùgbọ́n gbólóhùn tó ní jẹjẹrẹ nínú yára ju èyí tó tẹ̀ lé e. Ní agbègbè Ontario ní Kánádà, àwọn olùwádìí rí i pé iye àwọn tó sáré lọ sí ẹ̀ka pàjáwìrì nítorí ẹ̀jẹ̀ ríru pọ̀ sí i ní oṣù tó tẹ̀ lé ìkéde náà.

Dídá oògùn dúró lójijì ní ewu tirẹ̀, ó sì yàtọ̀ láti oògùn sí oògùn. Ẹni tó já propranolol tàbí atenolol, oògùn ọkàn àti ẹ̀jẹ̀ ríru, sílẹ̀ lójijì lè ní ìrora àyà tó le, àní àìsàn ọkàn òjijì. Clonidine, oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru mìíràn, tí a já sílẹ̀ lè mú kí ẹ̀jẹ̀ fò sókè ju bó ṣe wà kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ lọ. Ẹni tó ti ń lo diazepam fún ọ̀pọ̀ oṣù lè ní gìrì. Gbogbo wọn ló ṣeé dín kù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ àmójútó, àwọn dókítà sì ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn àgbàlagbà tí kò nílò wọn mọ́.

Ohun tó lè ran agboolé lọ́wọ́ jù ni pé kí ẹnì kan ṣoṣo mọ gbogbo ohun tí àgbàlagbà náà ń gbé mì. Kí a kó gbogbo rẹ̀ sínú àpò kan, ti dókítà, èyí tí wọ́n rà fúnra wọn, oògùn ojú, ìpara, àgbo, àgùnmu, oògùn afúnnilókun, kí a sì gbé àpò náà lọ bá dókítà tàbí apòògùn, kì í ṣe orúkọ tí a há sórí. Ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń rí i pé oògùn kan náà ló wà nínú páálí méjì tí orúkọ wọn yàtọ̀, tàbí pé paracetamol wà nínú oògùn ọ̀fìnkìn, nínú oògùn ara ríro àti ní àyè ara rẹ̀, tí àpapọ̀ rẹ̀ sì ti kọjá gíráàmù mẹ́rin tí àgbàlagbà kò gbọ́dọ̀ kọjá lójúmọ́. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti lè rí methotrexate, tí wọ́n ń lò lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀ fún àrùn oríkèé, tí aláìsàn ti ń gbé mì lójoojúmọ́. Àṣìṣe yìí ti pa èèyàn ní orílẹ̀-èdè púpọ̀. Kí wọ́n béèrè èyí tí a kò gbọ́dọ̀ lọ̀ tàbí fọ́, nítorí oògùn tí wọ́n ṣe láti máa yọ́ díẹ̀díẹ̀ fún wákàtí 24 yóò tú gbogbo agbára rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà bí a bá lọ̀ ọ́ nítorí pé ó ṣòro láti gbé mì. Ìgbà tó yẹ jù láti ṣe èyí ni ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tí àgbàlagbà dé láti ilé ìwòsàn, nítorí oògùn tí wọ́n yí padà níbẹ̀ àti èyí tó wà nílé tẹ́lẹ̀ máa ń dà pọ̀.

Bí àgbàlagbà bá ti dá oògùn rẹ̀ dúró kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀, kí wọ́n má ṣe fún un ní ìwọ̀n méjì láti fi dí àlàfo ọjọ́ tó ti kọjá, kí wọ́n má sì fi ipá mú un bẹ̀rẹ̀ gbogbo rẹ̀ lọ́jọ́ kan náà. Kí wọ́n wọn ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, kí wọ́n wọn ṣúgà rẹ̀ bó bá ní àtọ̀gbẹ, kí wọ́n sì pe dókítà lọ́jọ́ náà gan-an, kí wọ́n sọ iye ọjọ́ tí kò fi lò ó àti ohun tó lò dípò rẹ̀. Bí ẹnu bá wọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tí apá tàbí ẹsẹ̀ kan kú, tí ọ̀rọ̀ ń lọ́, tàbí tí àyà ń dùn ún, ilé ìwòsàn ni kí wọ́n gbé e lọ lójú ẹsẹ̀, kí wọ́n mú àpò oògùn náà dání, pẹ̀lú ìgò ohun tí wọ́n rà lórí ayélujára.